Iná Kan Náà, Ọjọ́ Orí Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ìtàn Ìmọ̀ Nípa Irin Gbígbé àti Ìgbiná Ara

Ní ọdún 1990, JAMA, ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn ìwádìí kékeré kan jáde tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò retí. Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Boston kó àwọn àgbà mẹ́wàá jọ nínú ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan. Ẹni tí ó kéré jù nínú wọn jẹ́ ẹni ọdún 86, ẹni tí ó dàgbà jù sì jẹ́ ẹni ọdún 96. Kì í ṣe ìrìn ìnasẹ̀ lásán ni wọ́n ní kí àwọn àgbà yìí máa rìn. Irin ni wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, títí ìwúwo náà fi tó ìpín 80 nínú 100 ohun tí agbára wọn lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn mẹ́sàn-án parí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà. Agbára ẹsẹ̀ wọn fi ìpín 174 nínú 100 lé sí i, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àtẹ̀yìnwá; iṣan itan wọn fi ìpín 9 nínú 100 tóbi sí i. Àwọn méjì tí ó ń tẹ̀ lé ọ̀pá tẹ́lẹ̀ fi ọ̀pá sílẹ̀.

Ohun kan wà tí kò sí lára ohun tí ìwádìí náà fẹ́ wọ̀n, ìyẹn ni ìgbiná tí ó wà nínú ara àwọn àgbà náà. Lásìkò yẹn, ìtàn agbára àti ìtàn ìgbiná ṣì ń tọ ọ̀nà méjì tí kò tíì pàdé. Àpilẹ̀kọ yìí yóò tẹ̀ lé ọ̀nà méjèèjì títí dé oríta tí wọ́n ti pàdé ní nǹkan bí ọdún 2000. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé àwọn ìwádìí tí ó jáde láti oríta náà ti bi èrò kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì dì mú wó: èrò pé ohun kan ṣoṣo ni ìgbiná, pé ó burú fún gbogbo ènìyàn, àti pé pípa á dára ní ọjọ́ orí gbogbo.

Ọ̀rọ̀ àti ohun tí ó dúró fún

Celsus, òǹkọ̀wé ará Róòmù ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní Sànmánì Krístì, ka àmì mẹ́rin sílẹ̀ tí a fi ń dá ìgbiná mọ̀: pípọ́n, wíwú, gbígbóná àti ríro. Orúkọ tí èdè Látìn fún un, inflammatio, wá láti ara flamma, tí í ṣe ọwọ́ iná. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì ń lò wọ́n lójoojúmọ́: ojú ọgbẹ́ pọ́n, ó wú, ó gbóná, ó ń ro ni. Ohun tí a kò ní ni orúkọ kan tí gbogbo wa fẹnu kò lé lórí, tí ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Mo lo “ìgbiná” níhìn-ín, láti ara “gbiná”. Ó bá àwòrán tí Látìn yà mu, ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi yàn án ju ìyẹn lọ. Ẹni tí ó bá ti dáná igi rí mọ̀ pé iná yàtọ̀ síra. Iná tí ń jó fòfò lábẹ́ ìkòkò a jó, a se oúnjẹ, a sì kú. Iná abẹ́ eérú kò ní ọwọ́ tí ojú lè rí, síbẹ̀ ó lè wà níbẹ̀ mọ́jú. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ìmọ̀ ìṣègùn lo ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó rí.

Ó yẹ kí a ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ méjì mìíràn. “Iṣan” nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ẹran ara tí ń sún kì tí ń nà, tí ó sì ń mú egungun rìn. Kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀. “Irin gbígbé” sì ni mo fi dúró fún gbogbo ìdárayá tí ènìyàn ti ń fi agbára dojú kọ ohun tí ó wúwo, ìbáà jẹ́ irin gidi, ẹ̀rọ, tàbí ìwúwo ara ẹni fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní: agbára

Ní ọdún 1902, Theodore Hough ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ kan tí ń wọn iṣẹ́ ìka ọwọ́ ṣe àyẹ̀wò ìrora tí ń tẹ̀ lé iṣẹ́ agbára. Ó rí i pé ìrora náà pín sí méjì. Ọ̀kan a máa bá àárẹ̀ rìn, a sì tètè lọ. Èkejì kì í dé títí di ọjọ́ kejì, kì í sì í tètè lọ. Hough gbà pé yíya kéékèèké nínú iṣan ni ó fa èkejì yìí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti padà sóko lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí kò di ọkọ́ mú kò nílò ẹ̀rọ kí ó tó mọ̀ ọ́n: kì í ṣe ọjọ́ tí ó roko ni ara ń ro ó, ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ni. Bí ó bá sì tún lọ lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ìrora náà a dínkù, nítorí pé ara ti tún ibi tí ó ya ṣe, ó sì tún un ṣe le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Thomas DeLorme, dókítà ológun kan ní Chicago, dojú kọ àwọn ọmọ ogun tí orúnkún wọn ti bàjẹ́. Àṣà ìgbà náà ni pé kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ máa gbé ohun fúyẹ́fúyẹ́ ní ìgbà púpọ̀. DeLorme yí i padà: ohun tí ó wúwo ni ó ní kí wọ́n gbé, ní ìgbà díẹ̀, kí ìwúwo náà sì máa lọ sókè bí agbára bá ti ń pọ̀ sí i. Ó gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1945. Ní 1948, òun àti Arthur Watkins dín in kù sí ìpele mẹ́ta, ìgbà mẹ́wàá ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ìlànà tí a ṣì ń bá pàdé nínú ọ̀pọ̀ ilé ìdárayá lónìí. DeLorme fúnra rẹ̀ ti ní ibà oríkèé ara nígbà èwe rẹ̀, irin gbígbé ni ó sì fi gba agbára rẹ̀ padà. Ibà náà jẹ́ àìsàn ìgbiná. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ó jọ ni lójú. Kò sí nínú ohun tí DeLorme fi kọ́ni.

Àwọn ọ̀dọ́ ni àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí. Ní ti àwọn àgbà, iyèméjì ni ó wà nílẹ̀. Ní 1980, Moritani àti deVries gbé e jáde pé bí àgbà bá gbé irin, agbára rẹ̀ a pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ ni ó kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ fún iṣan dáadáa. Iṣan fúnra rẹ̀ kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ní 1988, Walter Frontera àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn ọkùnrin ẹni ọdún 60 sí 72, wọ́n fún wọn ní irin tí ó wúwo gan-an fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, iṣan wọn sì tóbi. Àárín ìdánwò yìí àti ti Boston ni Irwin Rosenberg fún àìsàn iṣan àgbà ní orúkọ, ní 1989: sarcopenia, láti inú èdè Gíríìkì, tí ó túmọ̀ sí òṣì ẹran ara.

Ọ̀nà kejì: iná

Inú àìsàn ni ọ̀nà kejì ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1930, William Tillett àti Thomas Francis ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń bá jà ní ilé ìwádìí Rockefeller ní New York. Wọ́n rí èròjà kan tí ó máa ń so mọ́ ohun kan lára kòkòrò àrùn náà, tí ó sì máa ń pòórá bí ara aláìsàn bá ti yá. Lẹ́tà C ni wọ́n fi pe ohun ara kòkòrò náà, ibẹ̀ ni èròjà inú ẹ̀jẹ̀ ti gba orúkọ rẹ̀, C-reactive protein, tàbí CRP. Ó wá hàn lẹ́yìn náà pé òtútù àyà nìkan kọ́ ni ó ń gbé e dìde. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é, nígbàkígbà tí ìgbiná bá wà níbikíbi nínú ara. Oníṣẹ́ tí ń mú àṣẹ lọ bá ẹ̀dọ̀ ni interleukin-6, IL-6, tí Toshio Hirano, Tadamitsu Kishimoto àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Osaka ṣàwárí àbùdá rẹ̀ ní 1986.

Títí di ìgbà yìí, ìgbiná ṣì jẹ́ ohun tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ìwádìí Paul Ridker ní 1997 ni ó kọ́kọ́ mú kí ọ̀pọ̀ dókítà tún inú rò. Àwọn ọkùnrin tí kò ṣàìsàn rárá, ṣùgbọ́n tí CRP wọn ga díẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, ni àìsàn ọkàn òjijì àti rọpárọsẹ̀ ń bá jù ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Wọn kò ní egbò, wọn kò ní ibà, síbẹ̀ iná ń jó. Ní ọdún 2000, Claudio Franceschi ní Ítálì kọ̀wé pé ipò yìí gan-an ni ọjọ́ ogbó: bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìgbiná kékeré kan a máa rúná nínú ara láìdáwọ́ dúró. Ó so ìgbiná àti ogbó pọ̀ di orúkọ kan, inflamm-aging. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà, irú àwọn oníṣẹ́ bíi IL-6 àti TNF máa ń tó ìlọ́po méjì sí mẹ́rin ti ọ̀dọ́. Nínú iná, iyẹn kéré púpọ̀ sí ohun tí òtútù àyà ń dá. Nínú eérú, ó tó láti máa jẹ iṣan díẹ̀díẹ̀.

Oríta

Ọdún 2000 yìí kan náà ni ìyàlẹ́nu ti Copenhagen jáde. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé IL-6 máa ń ga fíofío nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá sáré ọ̀nà jíjìn. Àlàyé tí ó wà nílẹ̀ ni pé iṣan ti ya, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ sì ti wá palẹ̀ mọ́. Adam Steensberg, Bente Klarlund Pedersen àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní kí àwọn ọkùnrin kan fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ fún wákàtí márùn-ún, kí ẹsẹ̀ kejì sinmi. Wọ́n sì wọn ẹ̀jẹ̀ tí ó wọ ẹsẹ̀ àti èyí tí ó jáde. Inú ẹsẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ ni IL-6 ti ń tú jáde. Iṣan fúnra rẹ̀ ni ó ń rán oníṣẹ́ náà, kì í ṣe nítorí pé ó ti bàjẹ́, bí kò ṣe nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí IL-6 yìí bá jáde, àwọn èròjà tí ń pa ìgbiná rọlẹ̀, bíi IL-10, a tẹ̀ lé e. Ní 2003, ẹgbẹ́ yìí fún àwọn ọkùnrin tí ara wọn le ní ìwọ̀nba májèlé láti ara kòkòrò àrùn. TNF àwọn tí ó jókòó gòkè. TNF àwọn tí ó ti gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́ta kò gòkè.

Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ìmọ̀ dúró wò níbí ni pé oníṣẹ́ kan náà ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ méjì. Bí IL-6 bá wà lójú kan lọ́sàn-án lóru nínú ara àgbà, ó jẹ́ àmì ewu. Bí ó bá yọ lójijì láti inú iṣan, tí ó sì lọ, ó ń pe omi wá. Ẹni tí ó bá ka ìye nìkan láìka àkókò yóò ṣì wọ́n mú fún ara wọn.

Kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ jíjù ni ti Copenhagen, kì í ṣe irin. Ní 2001, ìwádìí kan láti St. Louis ní Amẹ́ríkà, tí Jeffrey Greiwe jẹ́ òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ rẹ̀, so irin mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n mú ẹ̀ka iṣan itan àwọn àgbà aláìlágbára tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí ọdún 81, wọ́n fi wé ti àwọn ọ̀dọ́. TNF inú iṣan àwọn àgbà ga ju ti àwọn ọ̀dọ́ lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí àwọn àgbà gbé irin, ó lọ sílẹ̀, iṣan wọn sì túbọ̀ ń kọ́ ara rẹ̀. Ìwádìí mìíràn ní 2007 fi irin lé àwọn obìnrin tí ó sanra jù, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 25 sí 44, lọ́wọ́ fún ọdún kan. CRP wọn dínkù, IL-6 wọn kò yí padà. Nígbà tí a kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí àwọn àgbà jọ ní 2018, èsì rẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀: CRP dínkù, TNF inú ẹ̀jẹ̀ kò mira. Kì í ṣe gbogbo iná ni irin ń pa, kò sì yẹ kí a polówó rẹ̀ bí àgbo gbogboǹṣe.

Hóró oògùn kan, èsì méjì

Ibi tí ìtàn yìí ti lágbára jù ni ibi tí ẹnì kan ti rò pé òun mọ ìdáhùn ṣáájú. Ní 2002, Todd Trappe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 25. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ tí ó le tó láti mú ara ro. Wọ́n fún àwọn kan ní ibuprofen, àwọn kan ní paracetamol, àwọn kan ní hóró tí kò ní oògùn kankan nínú. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, iṣan àwọn tí kò lo oògùn ti ń kọ́ ara rẹ̀ ní ìpín 76 nínú 100 ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ti àwọn tí ó lo oògùn kò yí padà ní ọ̀nà tí ó dájú. Oògùn méjèèjì ń dí ọ̀nà prostaglandin, èròjà tí ń mú kí ara ro, kí ó sì wú. Ó dà bí ẹni pé ìrora àti ìwú náà jẹ́ ara iṣẹ́ ìkọ́lé. Ẹni tí ó bá lé wọn ti lé bíríkìlà kúrò lórí iṣẹ́.

Ohun tí ó bá ọgbọ́n mu, nígbà náà, ni pé oògùn yìí yóò ba irin gbígbé jẹ́ fún àwọn àgbà pẹ̀lú. Trappe àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò. Wọ́n kó àwọn ẹni ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ. Wọ́n gbé irin ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, pẹ̀lú oògùn kan náà lójoojúmọ́. Èsì tí ó jáde ní 2011 yí gbogbo rẹ̀ po: iṣan àwọn àgbà tí ó lo oògùn tóbi ju ti àwọn tí kò lò ó lọ, agbára wọn sì pọ̀ jù. Àlàyé tí wọ́n fún un ni pé nínú iṣan àgbà, ọ̀nà prostaglandin yẹn kan náà ni IL-6 àti àwọn èròjà tí ń tú iṣan palẹ̀ ń bá wá. Bí a bá dí i, ohun tí a dá dúró ni ìwópalẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ìdánwò ọjọ́ kan kò tó láti fi wé ti ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ìdáhùn dé láti Stockholm. Ní Karolinska, Mats Lilja àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn ọkùnrin àti obìnrin ẹni ọdún 18 sí 35, wọ́n ní kí wọ́n ṣe ìdárayá ẹsẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn kan ń lo mílígíráàmù 1200 ibuprofen lójúmọ́, iye kan náà tí Trappe fún àwọn àgbà. Àwọn kejì ń lo mílígíráàmù 75 aspirin, tí ó kéré jù láti dí iṣan lọ́wọ́. Iṣan itan àwọn tí ó lo aspirin fi ìpín 7.5 nínú 100 tóbi sí i. Ti àwọn tí ó lo ibuprofen kò kọjá 3.7, ìdajì péré.

Oògùn kan náà, ìwọ̀n kan náà, ó ń ran àgbà lọ́wọ́, ó ń dí ọ̀dọ́ lọ́wọ́. A kò lè fi ìwádìí méjì yìí wé ara wọn bí ẹni fi ìgbá wé ìgbá, nítorí pé irin wọn àti àkókò wọn kò dọ́gba, kì í sì í ṣe gbogbo ìdánwò lẹ́yìn wọn ni ó bá wọn mu. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n jọ tọ́ka sí bá ohun tí a ti rí ní Copenhagen àti St. Louis mu. Bí ọ̀dọ́ bá gbé irin, iná fòfò ni ó ń dá: ó jó, ó tún ohun tí ó ya ṣe, ó sì kú, pípa á ṣáájú àkókò ni ó ń pa á lára. Bí àgbà bá gbé irin, orí ẹ̀yìnná tí ó ti wà nílẹ̀ ni ó ń gbé e. Ohun tí ó ṣòro fún un kì í ṣe dídá iná, bí kò ṣe mímú kí ó kú.

Mo gbọ́dọ̀ ké gbàjarè níbí, nítorí pé àwa tí a ń kọ nípa ìmọ̀ ìṣègùn ní èdè wa mọ bí ọ̀rọ̀ ti ń rìn. Èsì 2011 kì í ṣe ìwé oògùn. Ibuprofen lójoojúmọ́ lè dá egbò sí inú ikùn àgbà, ó lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Inú ìdánwò tí dókítà ń ṣọ́ ni àwọn àgbà wọ̀nyẹn ti lò ó. Èsì ti Stockholm ní tirẹ̀ kan àwọn ọ̀dọ́ púpọ̀ láàárín wa: lébìrà àti ọmọ ilé ìdárayá tí ń gbé hóró oògùn ìrora mì ní alẹ́ gbogbo kí wọ́n lè tún jí ṣiṣẹ́. Ìrora tí wọ́n ń rà á tì ni ara fi ń kọ́lé.

Ìhà kan ṣì kù tí ó kan àṣà wa tààrà. Láàárín Yorùbá, bí àgbà bá ru ẹrù tí ọmọdé sì ń wò ó níran, wọn a ní ọmọ náà kò gba ẹ̀kọ́ ilé. A ó sáré gba ẹrù náà. A ó ní, “Ẹ jókòó, Ìyá, ẹ sinmi.” Ọ̀wọ̀ ni, n kò sì ní kí a fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsinmi tí a ń fi bu ọlá fún àgbà wà lára ohun tí ń mú kí iṣan rẹ̀ yọ́, bí iṣan bá sì ti ń yọ́, ọ̀rá ni ó sábà máa ń gba àyè rẹ̀. Ọ̀rá, pàápàá ti inú ikùn, sì wà lára ibi tí TNF àti IL-6 ti ń wá. Iṣẹ́ tí ìyá àgbà ń ṣe nídìí odó kí a tó gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí wọ́n ní kí àwọn àgbà Boston máa ṣe, bí a bá yọ ti pé wọ́n ń wọn ìwúwo tiwọn kúrò.

Fiatarone padà sí ọ̀rọ̀ náà ní 1994 pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún àgbà, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 87 ní ìpíndọ́gba. Wọ́n fún àwọn kan ní irin, àwọn kan ní ohun mímu aṣaralóore, àwọn kan ní méjèèjì, àwọn kan kò sì gba ọ̀kankan. Agbára àwọn tí ó gbé irin fi ìpín 113 nínú 100 lé sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ohun mímu nìkan kò mú agbára wá. Nínú ìwádìí ti 1990 tí a fi bẹ̀rẹ̀, àwọn méje padà sí orí àga wọn lẹ́yìn tí ìdánwò parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni a kà kí a tó tún wọn agbára wọn, ó sì ti fi ìpín 32 nínú 100 lọ sílẹ̀.